Korobá Kan Náà

Ọdún tí Òpárà kún dé inú kànga,
tí onígbáméjì wọ Sábẹ̀ẹ láìkan ilẹ̀kùn,
èmi ni mo ń nulẹ̀ ní lópitáàlì ẹ̀bá òkè.
Ohun tí mo mọ̀, kò sí nínú ìwé dókítà.

Òyìnbó ilé-iṣẹ́ ìrèké wà ní yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù,
ìgò omi so lókè orí rẹ̀ bí ọsàn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Yàrá kejì: àwọn tó rí ẹgbàárùn-ún sẹ́fà kà sílẹ̀
kí abẹ́rẹ́ tó kàn wọ́n.
Àwọn yòókù, abẹ́ máńgòrò.
Ẹní lórí ilẹ̀. Bí ìgò bá wà, ẹ̀ka ni wọ́n ń so ó mọ́.
Ìgò kò sí.

Ibẹ̀ ni Dádò wà, Fúlàní tó ń ta wàrà pupa fún wa.
Yáì akọ̀wé ní, "Ará inú igbó ló gbé e wá;
kí onílùú kọ́kọ́ gbà ná."
Yáì tó fi wàrà Dádò jẹun alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì!
"Ìka ò dọ́gba," ó ní, ó ń fi ọ̀kan tọ́ka sí mi.
Ìka ò dọ́gba, mo gbà.
Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ọmọńdinrín, kí ẹ wo àwọ̀ ohun tó máa jáde.

Nítorí mo ti gbé korobá òyìnbó, mo ti gbé ti abẹ́ igi,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì:
omi ìrẹsì ni méjèèjì,
òórùn ẹja kan náà, ìwúwo kan náà.
Kòtò kan ni mo dà wọ́n sí.
Kòtò ò bèèrè ọmọ ta ni.

Ní ìdájí Jímọ̀, hẹlikópítà wá gbé òyìnbó lọ.
Ìgò méjì ṣẹ́kù lórí irin.
Mo fi àkísà bò wọ́n, mo rìn bí ẹni tó fẹ́ da omi nù.
Ganíyátù, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ò bi mí léèrè.
Ó wá iṣan ọwọ́ Dádò nínú òkùnkùn, ó rí i.

Dádò yè. Ẹ má tíì yìn mí.
Ènìyàn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ igi yẹn.
Mo gbé ìgò méjèèjì fún ẹni tí mo mọ orúkọ rẹ̀,
ẹni tí mo jẹ ní igba sẹ́fà owó wàrà.
Ọmọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò pupa,
ó ń wo omi inú ìgò bó ṣe ń kán,
tó ń kán.
Èmi náà wojú kí n tó pín.