Oúnjẹ Ẹṣin

Aago mẹ́rin ìdájí ní Sáskátúùn.
Òtútù ti fi èékánná ha gíláàsì fèrèsé,
ó ya ewé tí n kò mọ igi rẹ̀ síbẹ̀.
Ìbídùn ṣì wà níbi iṣẹ́ alẹ́,
ó ń yí àwọn arúgbó padà lórí ibùsùn
kí ara wọn má baà bó.
Ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ ajílẹ̀.
Èmi àti ọmọ ọwọ́ la jọ ń ṣọ́lé.
Ọmọ ọwọ́ sùn. Ó ku èmi.

Mo gbé ike óòtì sílẹ̀.
Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ní,
"Ìbídùn, oúnjẹ ẹṣin lo fi ń ṣe ìyá rẹ lálejò?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Olha, aládùúgbò wa, ló kọ́ mi.
Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò kọjá "tẹ́ńkíù",
ọwọ́ la fi sọ ọ́:
óòtì ife méjì, mílíìkì ife kan àbọ̀,
ẹyin méjì (ó ké bí adìyẹ kí n lè mọ̀),
oyin tó kún ṣíbí títí ó fi ń ro sílẹ̀.
Ó gbé èso dídì jáde láti inú fìríìjì rẹ̀,
èso dúdú wẹ́wẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ já létí odò,
ó ní Sáskátúùn ló ń jẹ́.
Èso ni, ìlú ni, orúkọ kan náà.
Háà, ìlú tí èèyàn lè fi eyín gé!

Sínámọ́nì tirẹ̀ wà nínú agolo; mo da díẹ̀.
Ṣùgbọ́n kànáfùrù, ti ilé ni.
Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo dì í sí láti Ìwó.
Òṣìṣẹ́ ibodè tú u, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó dì í padà jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní kí n máa lọ.
Ìdí ife ni mo fi gún ẹyọ márùn-ún, kò sí ọmọ odó.
Mo rin atalẹ̀ sí i títí ọwọ́ mi fi ń ta.

Èyí tí mo ṣe ní Sátidé, ẹ má bi mí.
Mo gbàgbé ẹyin. Ó fọ́n ká bí iyẹ̀pẹ̀.

Mo gé ápù, n kò hó o.
Mo ti gbogbo rẹ̀ sínú ààrò tí kò ní èéfín,
tí iná inú rẹ̀ kì í ṣẹ́jú síni.
Mọ́ínmọ́ín a máa sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò,
omi a máa hó, ewé a máa fèsì.
Èyí dákẹ́.
Mo fa àga tì í, mo ń wò ó láti ojú gíláàsì.
Nígbà tó yá, omi èso yọ létí àwo,
ó pọ́n bí ìyẹ́ àlùkò,
ni òórùn kànáfùrù bá dìde, ó rìn wọ yàrá,
ó bá ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ sín.

Aago méje kọjá díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí.
Yìnyín wà ní ìpéǹpéjú Ìbídùn.
Kò bọ́ kóòtù, kò bọ́ bàtà,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì.
"Màámi, kí lẹ sè?"
Mo ní, "Oúnjẹ ẹṣin."

Ó da mílíìkì tútù sórí èyí tó gbóná.
Ó jẹ díẹ̀. Ó ní ìyá àgbà kan kú mọ́ òun lọ́wọ́ lóru,
"wọ́n ní kí n bá àwọn ṣí fèrèsé díẹ̀."
Mi ò wí nǹkan kan. Mo bu sí i fún un.
Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí oorun fi gbé e lọ,
orí lórí tábìlì, ṣíbí lọ́wọ́.

Mo rọra yọ ṣíbí náà.
Ẹyọ èso kan ṣoṣo ló kù lójú rẹ̀.
Mo jẹ ẹ́.