Áktọ̀ Kì Í Kú

Bàbá Pẹ́dírò nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní Láfíàjí tiwa,
àpótí onígi tó nílẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù,
tí ìyàwó rẹ̀ ń fi léèsì funfun bò lójú
bí ẹni pé ìyàwó tuntun ni.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti àwọn kábọ́ì.
Garawa omi méjì ni owó ìwọlé.
Ẹni tí kò bá pọn omi, ojú fèrèsé ni tirẹ̀,
kó máa wò ó láàárín etí ẹlòmíì.

Eré méjì ni, wọ́n ń gbà á fún ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
Nínú ọ̀kan, ṣẹ́rífù arúgbó onírunmú funfun,
kì í yọ ìbọn àfi tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀.
Nínú ìkejì, ọkùnrin kan tí kò nílé, tí kò lóko,
ẹṣin dúdú kan ló ní, àti àpò iyọ̀.
Bó bá wọ ìlú, á pa mẹ́ta, á mu omi, á lọ.
Alárìnkiri yẹn ni Mùfútáù ẹ̀gbọ́n mi mú.
Èmi mú ṣẹ́rífù,
torí ó ń jókòó bíi bàbá tí a ò ní.

A kò gbọ́ èdè wọn. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.
Bọ́ọ̀sì á yìnbọn, áktọ̀ á ṣubú,
gbogbo pálọ̀ á pariwo: "Áktọ̀ kì í kú!"
Nígbà náà gan-an ni Nẹ́pà á mú iná lọ.

Òkùnkùn. Ààmì funfun bíńtín láàárín gíláàsì,
tó ń rọra kú bí ojú ológbò.
"Ó dàárọ̀ o. Ẹ má tẹ àwo mi fọ́."

Lórí ẹní, Mùfú á parí eré:
áktọ̀ rẹ̀ á fi eyín gba ọta,
á tu ú dànù bíi kóró ọsàn,
ẹṣin rẹ̀ á fo ọ̀sà kọjá,
á balẹ̀ sí Àpápá, á béèrè ọ̀lẹ̀lẹ̀.
Ṣẹ́rífù tèmi á mú bọ́ọ̀sì relé, á bọ́ ọ yó,
á bá a wí títí ilẹ̀ á fi mọ́.
"Ìyẹn kì í ṣe kábọ́ì," Mùfú á ní, "lèmọ́mù ni."

Ọdún méjìdínláàádọ́ta.
Ọmọ mi bá mi wá eré méjèèjì rí,
sínú nǹkan kan tí kò ju èékánná lọ.
Mo gbé e lọ sí Ṣómólú, sọ́dọ̀ Mùfútáù,
tí apá òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́
láti Iléyá èṣí.
Iná kò lọ.
Ó ṣe wá bákan pé iná kò lọ.

Òkè ńlá ọjọ́sí, aṣọ tí wọ́n kùn lọ́dà ni,
ó ń mì bí atẹ́gùn bá fẹ́.
Ṣẹ́rífù mi ńkọ́? Mo ti gbọ́ èdè báyìí.
Ó ń sọ fún àwọn tó fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí
pé kí wọ́n kó kúrò, ìjọba fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe.
Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ó tilẹ̀ ṣí fìlà.
Mo mọ ohùn yẹn.
Ohùn yẹn ló kan ilẹ̀kùn ìyá ìyá wa ní Òkèpòpó,
pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí katakata tó dé.

"Àwa la ń pàtẹ́wọ́ fún un," Mùfú wí,
kò sì wò mí.

Ìgbà tó kan alárìnkiri, a rí ìparí tí iná fi pa mọ́ fún wa:
dókítà fi àkísà di èjìká rẹ̀,
ó gun ẹṣin, ó lọ. Ó tán.
"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"
"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."
"Pa á."

Mo pa á. Mo pa gílóòbù náà.
"Ẹṣin dé etí ọ̀sà," ló bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wúwo,
ó pẹ́ gan-an kí ẹṣin náà tó balẹ̀ sí Àpápá.
"Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti tán," mo ní.
"Á dúró," ló dáhùn. "Kò síbi tó ń lọ."