Tí Àjẹ̀ Mi Bá Dákẹ́

Má wọ pupa.
Má fi lọ́fínńdà para. Kò kan ẹyẹ,
èmi tí n ó jókòó sẹ́yìn rẹ ni yóò máa sín.
Aago márùn-ún ààbọ̀, kí àwọn aláàárù Ọjà Olúwo
tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju agbọ̀n ẹja sílẹ̀ gbì,
wá bá mi létí ọ̀sà, nídìí ọkọ̀ tí a kọ SÙÚRÙ sí lára.
Omi ti jẹ ìdajì rẹ̀. SÙÚ ló kù.

Ìwọ tí o gbé awò olójú méjì kọ́rùn,
tí o ní Ìdànrè lo ti wá,
níbi tí ẹyẹ omi ti ń wá omi láàárín àpáta
bí ẹni ń wá ilé ajigbèsè:
jẹ́jẹ́ ni kí o wọlé. Ọkọ̀ yìí kò fẹ́ràn bàtà.

Lékeléke kọ́ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́.
Ìyẹn ń bá màlúù rìn, ó ń bá katakata rìn,
ó ti di ará ilé.
Àwọn ọmọ Pópó Ọbà ṣì ń na èékánná sí i
pé kó bu funfun sí i fún àwọn.
Kò dá wọn lóhùn rí. Wọn ò sì jáwọ́.

Wo orí òpó tí wọ́n so ìgèrè mọ́ yẹn.
Ẹyẹ dúdú, ó na apá méjèèjì gbalaja sóòrùn.
Afọṣọ-láìlókùn ni Bọ̀dá Sínúsì ń pè é.
Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yín, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ojú oró ló lékè omi,
òṣíbàtà ló lékè odò, a ti gbọ́.
Ta ló wá lékè ojú oró?
Ẹyẹ kékeré kan ni, aláwọ̀ obì,
ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ọ̀ràn rẹ̀ lọ,
ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó pẹ́ dé Jímọ̀
tí kò fẹ́ tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti forí kanlẹ̀.

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.
Irọ́ ni.
Ní etí omi Èjìnrìn, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan wà, olórí dúdú,
kò tíì rí ojúgun èèyàn tó ti ń ké kìkìkìkì,
gbogbo etí odò á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá
òkò mi ò ba nǹkan kan nítorí rẹ̀. Mo bú ìyá rẹ̀.
Nísinsìnyí, mo máa ń kí i.

Ibi tó wù mí kí n mú ọ dé gan-an, kò sí mọ́.
Lápá Ìkòsì ni, omi ibẹ̀ tẹ́ bí àwo,
òfú a máa balẹ̀ síbẹ̀ lóṣù Bélú,
ogójì, àádọ́ta, àpò ń mì lábẹ́ ẹnu wọn
bí àpò àwọn babalọ́jà.
Ọkọ̀ awayanrìn dé. Ó fa ìsàlẹ̀ odò, ó rù ú lọ.
Ìsàlẹ̀ odò wa ti di ògiri yàrá ẹnì kan ní Lẹ́kí;
bóyá wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán ẹyẹ kọ́ sára rẹ̀.
Lọ́dún tó kọjá, òfú kan ṣoṣo ni mo rí.
Ó yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta
bí ẹni tó padà dé tó bá ilé ní wíwó,
tó tún ń wò ó bóyá àdúgbò ló ṣì.

Mú búrẹ́dì dání, àti owó mi, kó má jẹ́ odindi.
Tí a bá wọ abẹ́ igi ẹ̀gbà, pa fóònù rẹ.
Ọ̀ṣìn ń gbé ibẹ̀, tàbí ó ti ń gbé ibẹ̀ rí.
Tí àjẹ̀ mi bá dákẹ́,
má bi mí pé kí ló dé.
Wo ibi tí mo ń wò.