Àáké Tí Kì Í La Igi

Ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ òkun,
tí odò Ọbà pàápàá ń tiro bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé,
bàbá mi Láníhùn gbé àáké kan sẹ́nu ọ̀nà.
Ìyá mi ò gbọdọ̀ fi la igi.
Gbogbo Sátidé ni bàbá ń pọ́n ọn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò nínú ọkọ̀ afàkọ̀ ní Àpápá,
ọkọ̀ kékeré tí í fa òmìrán wọ èbúté.
Ó ní, "Kékeré lè fa ńlá
bí ńlá bá wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ọjọ́ tí ńlá bá yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, tí okùn sì le,
òun ló ń fà ọ́ nígbà náà."

Ó bu omi sínú abọ́ ìfọṣọ,
ó fi èèpo kóró máńgòrò ṣe ọkọ̀.
Ó so òwú mọ́ ọn níwájú, ó fà á: wọ́ọ́rọ́wọ́.
Ó so ó mọ́ ìbàdí, ó fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́:
gbìrì, ó dojú dé.
Àbúrò mi rẹ́rìn-ín.
Bàbá ní, "Bí Ẹ̀gbẹ́yẹmí ṣe lọ nìyẹn."

Ooru ló mú lọ́jọ́ náà.
Wọ́n fi àpò ìrẹsì há ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnnì kó má padé.
Omi kì í kan ilẹ̀kùn.
Ìkọ́ tó yẹ kó tú okùn sílẹ̀ ti dípẹtà,
àáké wà ní yàrá ọ̀gá, lábẹ́ aṣọ.

Ìyá mi ti ń rò ó tipẹ́ pé olè ni bàbá ń bẹ̀rù,
tó fi ń dìde lóru láti ti ilẹ̀kùn wò.

Lóṣù tó kọjá, tírélà oníkaṣú kó sí gọ́tà iwájú ilé wa.
Wọ́n so ó mọ́ ìbàdí ọkọ̀ Múfú, wọ́n ní kó máa wa lọ.
Bàbá pariwo: "Ẹ yí imú ẹ̀ sí i! Ẹ yí imú ẹ̀!"
Wọ́n ní, "Bàbá, ibí kì í ṣe òkun."
Táyà ẹ̀gbẹ́ kan gbéra nílẹ̀,
ìka mẹ́ta,
àtẹ́lẹwọ́ kan.
Múfú ti la ẹnu, kò rí ohùn.

Èmi ni mo sáré gbé àáké.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Okùn tuntun ni, wọ́n ní.
Bàbá ka ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà fún wọn láìjanpata.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó yọ fọ́nrán okùn kúrò lẹ́nu àáké,
ó pọ́n ọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Sátidé.