Ìbú Ojú Irin Bàbá Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni Norris Wetherell, bàbá mi,
fi ọ̀pá wọn ojú irin nínú òjò Shildon.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ínṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀,
láti etí inú irin ọ̀tún dé etí inú irin òsì.
Bí ó bá fẹ̀ jù, wíìlì á já sílẹ̀.
Bí ó bá há jù, wíìlì á gùn ún.
Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú ìbú.

Lálẹ́, á gun àkàbà lọ sí òkè àjà,
níbi tí Shildon mìíràn wà lórí pákó,
Shildon tí ológbò lè fò kọjá.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo béèrè bó ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀.
Ó ní: "Mú ohun kan, pín in sọ́nà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin,
mú ẹyọ kan, da ìyókù nù.
Ilẹ̀kùn, fèrèsé, fìlà ọ̀gá ibùdókọ̀,
wọ́n jọ dín ni, kò sí àyànfẹ́.
Ìwọ̀n nìyẹn.
Ìbú yàtọ̀: àlàfo àárín irin méjì ni.
Èèyàn lè ga bí ìwọ̀n ṣe wí
kó tún wọ bàtà àbúrò rẹ̀."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀:
bàtà àbúrò ni gbogbo ọkọ̀ wa wọ̀.
Mílímítà mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀ ni wọ́n tà fún wa;
ìṣirò ń bèèrè ohun tó lé ní méjìdínlógún.
Láyé àtijọ́, mọ́tò kò gba inú ọkọ̀ ilẹ̀ wa,
wọ́n fẹ ara ọkọ̀, wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀.

Enid, ìyá mi, kò rí ohun tó sọnù.
"Ṣé ó ń lọ?"
"Ó ń lọ."
"Ṣé ó ń bọ̀?"
"Ó ń bọ̀."
Ó gbé ife tíì lé orí pápá bọ́ọ̀lù, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún tí Màmá kú, Bàbá ra obìnrin kan
tó wọ kóòtù pupa, láti Jámánì,
ọ̀kan nínú mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún ni ìwọ̀n tirẹ̀.
Láàárín àwọn èrò, kò ga dé etí ẹnikẹ́ni.
Clive ní, "Wọn ò bára mu."
Bàbá ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló kúrú."

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú irin.
Ó ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tẹ́ òmíràn, pákó kan, pákó kan,
ní ìbú tòótọ́, láti ihò abẹ́ òkè
dé ẹsẹ̀ afárá. Oṣù Kejì dé, ó dákẹ́.

Níbẹ̀ ni irin há ti parí, tí irin fífẹ̀ bẹ̀rẹ̀.
Ọkọ̀ kankan kò lè kọjá.

A dín ilé, ilé kù. A dín afárá, afárá kù.
Òjò nìkan ni kò ṣeé dín:
ẹ̀kán kan jò láti òrùlé lánàá,
ó kún òpópónà kan bámúbámú.

Clive ń pè mí nísàlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ti dé.
Mo ti fi ìka nu omi náà.
Mo ti mú obìnrin kékeré yẹn sí àpò.
Mo ṣì ń wá rúlà.