Ọmọrí Ìkòkò ní Ìtẹ̀sí

Orin tí mò ń wá ti pé ẹgbẹ̀rin ọdún,
orin àwọn òyìnbó tí kò tíì gbọ́ orúkọ wa,
tí wọ́n ń jí lóru dúdú wọ ilé òkúta lọ
láti kọ sáàmù ní Látìn, láìsí dùùrù, láìsí ìlù.
Ẹ má bi mí bó ṣe mú ọmọ Ìkẹ̀rẹ̀kú.
Èmi náà ò mọ̀; etí mi ló gbé mi débẹ̀.

Orin yẹn ò wọ́n. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa ló wọ́n.
Mo ra ọ̀kan ní Kútọ̀: ẹ̀fọn nínú agolo.
Mo ra èkejì lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Ìbàrà,
wọ́n ti da ohùn lé ohùn, wọ́n da gbohùngbohùn lé e,
àfi bí ẹni pé àwọn akọrin náà rì sódò Ògùn
tí wọ́n ń ké pè wá láti ìsàlẹ̀.
Ẹ̀kẹta, fèrè pọ̀, agogo pọ̀,
bí ẹni ń fi ata bo ẹja tó ti ń rà.
Mùfútáù tó ń tún rédíò ṣe ní Sápọ́n rẹ́rìn-ín títí:
“Bọ̀dá, orin àtijọ́ lẹ fẹ́,
ẹ tún fẹ́ kó máa dán bíi bàtà ọjọ́ ọdún?”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Tíṣà Ṣóbọ̀wálé kú,
àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta, ní Ìtẹ̀sí:
bẹ́ẹ̀dì, àga onírọ̀gbọ̀kú, páálí tí eku ti jẹ létí.
Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti fi àwo orin kan bo ìkòkò omi.
“Ẹ máa mú u lọ, àmọ́ ẹ bá mi wá ọmọrí mìíràn.”
Mo sáré lọ ra ọmọrí.

Mo fi òwú tútù nu àwo náà. Mo dúró
títí jẹnẹrétọ̀ ilé Àlàájì Ràímì fi sùn,
títí ajá wọn náà fi gbà pé ilẹ̀ ti ṣú.
Aago méjì òru. Abẹ́rẹ́ fara kan àwo.

Kì í ṣe ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́.
Èémí ni. Obìnrin kan mí sínú,
àga kan dún kín-ín, ẹnìkan gbé ẹsẹ̀,
kí ohùn rẹ̀ tó jáde, ẹyọ kan ṣoṣo,
ó rìn lọ bá ògiri, ó fọwọ́ kan òkúta,
ó padà wá jókòó tì mí.
Mo mọ bí àjà ilé náà ṣe ga tó.
Mo mọ̀ pé òtútù mú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gun Olúmọ,
mo wọ abẹ́ àpáta tí àwọn baba wa sá sí lọ́jọ́ ogun,
mo jẹ́ kí àwọn tó ń ya fọ́tò kọjá tán,
mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Òkúta dáhùn, kúkúrú, bí ẹni tí a jí lójú oorun.
Ọmọkùnrin tó ń mú àlejò kiri bi mí:
“Bàbá, ṣé nǹkan yín sọnù ni?”

Kò sẹ́ni tó gba ohùn àwọn ẹni àtijọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀.
Àmì ni wọ́n kọ sára awọ ewúrẹ́,
àwọn tó wá lẹ́yìn ń méfò ohun tó jẹ́.
Ìyá mi kò kọ àmì kankan. Ó máa ń kọrin
tó bá ń bó ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́.
Mo gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré, ọdún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì,
èèpo ẹ̀gúsí ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ohùn rẹ̀.
Èmi yìí kan náà ni mo gba eré bọ́ọ̀lù lé e lórí.
A tilẹ̀ fìdí rẹmi.

Lẹ́yìn orin tó kẹ́yìn nínú àwo Tíṣà,
wọn ò tètè pa ẹ̀rọ.
Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, yàrá òfìfo ń dún.
Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ padà sí.