A So Ọkọ̀ Mọ́lẹ̀ ní Medina

Ọkọ̀ tí a yá fún ọjọ́ méje yìí
gùn bí àlàyé onígbèsè,
ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí sùúrù Fọ́lárànmí.
Ọmọdé kan lórí kẹ̀kẹ́ ti kọjá wa lẹ́ẹ̀mejì,
ó lọ, ó bọ̀, ó ń juwọ́ sí wa
bí ẹni pé à ń lọ síbì kan.

Ní Medina, afárá irin gbọ́dọ̀ gbéra kí a tó kọjá.
A fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Aago dún, mọ́tò dúró lọ́tùn-ún, lósì,
odindi títì sì gbéra lọ sójú ọ̀run
tòun ti ìlà funfun àárín rẹ̀,
nítorí èmi, ọkọ mi àti ìkòkò ọbẹ̀ wa.
Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí awakọ̀ búrẹ́dì má bàa bínú.
Ó ti pa ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó ń jẹ ápù.

A so okùn mọ́ òpó, a gun àtẹ̀gùn wọ ìlú.
Òkúta ilé ibẹ̀ pọ́n,
ó pọ́n bí ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè lẹ́yìn òjò.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó tutù.
Fọ́lárànmí wọ ṣọ́ọ̀bù lọ wá ìṣó,
ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wa ti já láti àná;
èmi ń ka ohun tí wọ́n fín sára bẹ́ǹṣì etí omi:
Fún Dorothy, ẹni tó fẹ́ràn láti máa jókòó.
Mo jókòó tì í.

Ibẹ̀ ni aṣọ́-afárá bá mi, Stan Nowicki,
àpò ẹ̀wù rẹ̀ kún fún ẹ̀pà.
Ó ní omi yìí kì í ṣe odò,
ṣọ́bìrì àti ẹ̀yìn ènìyàn ló bí i.
Tó bá di Oṣù Kọkànlá, wọ́n á fà á gbẹ:
ẹrẹ̀ á yọ, kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún á yọ,
bàtà ẹsẹ̀ kan, àga; ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà kan.
“Màmá mi ló ni ín,” ó wí, kò sì ṣàlàyé.
Ní Oṣù Karùn-ún, wọ́n á dá omi padà.

Bàbá mi kọ ọ́ sí mi nínú lẹ́tà, ọdún tí mo dé Búfálò,
ó fi bírò pupa fàlà sí i nídìí:
odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bá gbólóhùn yẹn jiyàn,
pàápàá jù lọ ní balùwẹ̀.
Mi ò mọ̀ pé odò kan wà
tí kò ní orísun kankan tí ì bá gbàgbé,
tó ń gbẹ lọ́dọọdún lójú gbogbo ayé,
tí pẹ́pẹ́yẹ sì ń padà wá bá.

Fọ́lárànmí dé pẹ̀lú ìṣó, àgbàdo mẹ́fà,
àti ayùn kékeré kan tí a kò nílò.
Ó ní kí ni mò ń rò tó báyìí.
Mo ní ebi ló ń pa mí.
A tú okùn. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ti wà níwájú,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀,
ó ń dúró dè wá.